Ètò Tó Ń Bí Ọ̀gá Sípánà Nínú

Nígbà náà, ìyá arúgbó ilé kejì ṣì wà láyé, tó máa ń fi ọ̀pá gbá ògiri bí ariwo bá pọ̀. Ajá pupa tó ń sùn sábẹ́ àga ṣì wà láyé. Ọ̀gá Sípánà pàápàá ṣì wà láyé. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọwọ́ òsì rẹ̀ sùn sórí itan bí ẹrù ẹlòmíràn, ó ń bú fóònù.

"Òpùrọ́! Aláì... aláìmọ̀kan!"

Nínú fóònù náà, mẹkáníìkì méjì ló ń jiyàn. Pọ́dìkáàsì wọn ni, ètò tí wọ́n ń gbé sórí fóònù. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá ń yọ ọ́ lẹ́nu á gba ìró ẹ́ńjìnnì sílẹ̀, á fi ránṣẹ́ sí wọn, àwọn méjèèjì á gbọ́ ọ, wọ́n á sì dá a lẹ́jọ́. Ọ̀kan á ní bẹ́líìtì ni, èkejì á ní bẹ́líìtì kọ́. Ọdún mọ́kànlélógójì ni Ọ̀gá Sípánà fi tú ẹ́ńjìnnì. Kí ọkọ̀ tó yà wọ àdúgbò ló ti máa ń mọ ohun tó ń ṣe é.

Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Aránṣọ, mọ ìdí tó fi fẹ́ràn ètò náà. Kì í ṣe pé wọ́n mọ iṣẹ́. Wọn ò mọ̀ ọ́n ni! Láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti gbé ọkọ rẹ̀ ṣánlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti há sí i lọ́fun. Kò lè béèrè omi, kò lè pe ìyàwó rẹ̀. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí àwọn méjì yẹn dá ẹjọ́ ẹ́ńjìnnì ní ìdákúdàá, ọ̀rọ̀ á já jáde lẹ́nu rẹ̀ bí omi tó bẹ́ páìpù.

Ètò tí Ìyá Aránṣọ fẹ́ràn ní tirẹ̀ yàtọ̀. Opó kan ló ń ṣe é, tó ń sọ bí ọjọ́ rẹ̀ ṣe lọ: ibi tó gbá, ẹni tó kí, ẹni tó kí tí kò dá a lóhùn. Opó náà máa ń dákẹ́ díẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀, bí ẹni ń retí èsì. Ìyá Aránṣọ á ní, "Ẹn-ẹn, máa wí, mò ń gbọ́." Nínú ilé tí ọkọ kò ti lè fọhùn, ẹni tó bá dúró de èsì rẹ, ọ̀rẹ́ rẹ ni.

Bí Ọ̀gá Sípánà ṣe ń bú wọn lọ́wọ́ ni nọ́ọ̀sì wọlé. Àkọ́bí wọn ni, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó fi ẹ̀rọ di bàbá rẹ̀ lápá, ó wo nọ́ńbà, ojú rẹ̀ yí padà.

"Màámi, ta ló ní kí Bàámi máa gbọ́ radaràda yìí?"

"Bàbá rẹ ló fẹ́ràn rẹ̀."

"Ẹ̀jẹ̀ wọn ti ru kọjá ààlà! Mẹ́ta irú wọn la gbé jáde ní wọ́ọ̀dù mi lọ́sẹ̀ yìí. Mẹ́ta, Màámi! Ọwọ́ mi yìí ni mo fi bo ojú wọn. Ṣé kí n wá bo ti bàbá mi náà ni?"

Ó gba fóònù, ó pa ètò àwọn mẹkáníìkì rẹ́, ó fi òmíràn sí i. Ọkùnrin kan ni, ohùn rẹ̀ ń yọ̀ bí ọṣẹ: "Ẹ fa èémí sínú... ẹ rọra tú u síta..."

"Nọ́ọ̀sì," ni ìyá rẹ̀ wí, "ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni bàbá rẹ ti ń mí kí eléyìí tó wá kọ́ ọ."

"Ẹ má fi mí ṣẹ̀fẹ̀, Màámi."

"Ta ló ń ṣẹ̀fẹ̀?"

Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ni ẹlẹ́nu ọṣẹ yẹn fi ń mí nínú ilé. Lọ́jọ́ kìíní, Ọ̀gá Sípánà wo fóònù bí ẹni ń wo olè. Lọ́jọ́ kẹta, kò wò ó mọ́. Nígbà tó di ọjọ́ keje, ó ti kọjú sí ògiri. Bí wọ́n bá fi ṣíbí kàn án lẹ́nu, á lanu. Bí wọn ò bá yọ ṣíbí, kò ní pa ẹnu dé.

Ẹni tó gbé adìẹ òtòṣì, ti aláròyé ló gbé. Ìyá Aránṣọ rojọ́ fún ajá, ó rojọ́ fún ìyá arúgbó ilé kejì, ó rojọ́ fún ẹ̀rọ ìránṣọ. Etí aṣọ kan ṣoṣo, ó rán an, ó tú u, ó tún un rán. Ó ń bínú sí ọmọ rẹ̀, ó ń bínú sí ẹlẹ́nu ọṣẹ, ó sì ń bínú sí ara rẹ̀ tí kò mọ̀wé tó ẹni tí yóò wá ètò náà jáde padà.

Lọ́jọ́ kẹwàá, nọ́ọ̀sì tún wọn ẹ̀jẹ̀, ó sì pariwo ayọ̀. "Màámi, ẹ wá wò ó! Ó ti wálẹ̀!"

"Òótọ́ ni. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti wálẹ̀, òun náà sì ti bá a wálẹ̀. Ó yá, kí bàbá rẹ kó dá ọ lóhùn."

"Bàámi, ẹ kú ìjókòó." Ògiri ni bàbá ń wò. "Bàámi?"

"Kí nọ́ńbà náà, bóyá òun á dá ọ lóhùn."

Omi lé sí nọ́ọ̀sì lójú, ṣùgbọ́n omi ìbínú ni. "Ó sàn kí wọ́n dákẹ́ kí wọ́n ṣì wà! Ẹ̀yin ò rí ohun tí mò ń rí. Bí ẹ bá dá nǹkan yẹn padà, tí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa jẹ́jọ́ rẹ̀."

"Màá jẹ́ ẹ. Ọkọ ni mo fẹ́, mi ò fẹ́ àwòrán ọkọ."

Ìyá Aránṣọ wé gèlè, ó gba ọ̀dọ̀ obìnrin tó ń tún fóònù ṣe ní oríta lọ. "Bá mi wá àwọn mẹkáníìkì méjì kan tí wọn ò mọ iṣẹ́."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ìyá, àwọn tí ò mọ iṣẹ́ mà pọ̀ níbẹ̀ o."

"Àwọn tèmi máa ń pariwo."

Nígbà tó padà délé, ó gbé fóònù lé ọkọ rẹ̀ nítan. Ọkọ̀ kan wúkọ́ nínú rẹ̀. Mẹkáníìkì kan ní, "Púlọ́ọ̀gì ni." Ọ̀gá Sípánà yí orí kúrò lára ògiri. Iṣan ọrùn rẹ̀ yọ gbọ̀ọ̀rọ̀. Ẹ̀rù ba ìyàwó rẹ̀, ó na ìka kó pa fóònù. Kò pa á.

"Ki... kì í ṣe púlọ́ọ̀gì! Ẹ̀yin màlúù!" Ó wá yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Ìwọ... ṣé o gbọ́ wọn?"

"Mo gbọ́ wọn, Bàbá Nọ́ọ̀sì. Màlúù ni wọ́n."

Oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ ń padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: ó ní iyọ̀ kò tó, ó ní opó yẹn ti sọ̀rọ̀ jù. Nọ́ọ̀sì ń wá, ó ń wọn ẹ̀jẹ̀, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Ìbínú dúró láàárín òun àti ìyá rẹ̀ bí àpótí ńlá tí ẹnì kan ò lè gbé kúrò lọ́nà.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan ni wọ́n pe Nọ́ọ̀sì níbi iṣẹ́. Ó sáré dé. Wọ́n ti tẹ́ bàbá rẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, ó fi í síbẹ̀ títí.

"Ṣé ètò yẹn ni wọ́n ń gbọ́?"

"Ó ń gbọ́ ọ."

"Ta ló tàn án fún wọn?"

"Èmi ni. Bí o bá máa bínú, èmi ni kí o bínú sí. Má bínú sí òkú."

Nọ́ọ̀sì jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì.

"Kí ni wọ́n sọ kẹ́yìn?"

"Ó ní ìró ọkọ̀ náà kò dé etí òun dáadáa. Ó ní, 'Ìyàwó mi, gbé e sókè.'"

"Ẹ sì gbé e sókè?"

"Mo gbé e sókè."