Òórùn Tó Ń Mú Èèrà Gbẹ́lẹ̀

Baba Èèrà la máa ń pe ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ìwádìí wa, inú rẹ̀ sì máa ń dùn sí i. Bí yanrìn bá ya bo èèrà kan mọ́lẹ̀, oje kan á jáde lórí rẹ̀. Àwọn yòókù á gbóòórùn oje náà, wọ́n á sì máa wú yanrìn títí wọ́n á fi yọ ọ́. Ohun tí à ń yẹ̀ wò nìyẹn. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá mi fún oje náà sára bébà, ó sì rì í mọ́ yanrìn. Ẹ wá wo làálàá! Bébà lásán ni wọ́n ń gbẹ́. Èèrà kan tí yanrìn bò lóòótọ́ wà lọ́hùn-ún, oje tiẹ̀ ò pọ̀ tó ti bébà, ẹnikẹ́ni ò yà sọ́dọ̀ rẹ̀.

"Òmùgọ̀ ẹ̀dá," lọ̀gá mi wí, a sì jọ rẹ́rìn-ín.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni wọ́n pè é pé ilẹ̀ ya bo ọmọ rẹ̀ nínú kòtò tí wọ́n ń gbẹ́ fún ọ̀pá omi. Èmi ni mo fi mọ́tò gbé e lọ. Ìyàwó rẹ̀ ti débẹ̀ ṣáájú wa. Kòtò náà gùn, ó ti dí pátá, àwọn òṣìṣẹ́ ò sì mọ ibi tí wọn ó ti bẹ̀rẹ̀. Aláìlójútì kan ń sọ pé ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Díẹ̀ ló kù kí n gbá a létí.

Ọ̀gá mi pe fóònù ọmọ rẹ̀. Ó dún lábẹ́ ilẹ̀, lápá ọ̀tún.

"Ibí ni! Ẹ gbẹ́ ibí!"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," ni fọ́máànù wí, "ẹ jẹ́ ká pín ara wa sọ́tùn-ún sósì."

"Pín kí ni? Ṣé ẹ ò gbọ́ ni?"

Ta ló máa bá bàbá jiyàn lórí ọmọ rẹ̀? Gbogbo wa ṣù síbẹ̀. Ọwọ́ lèmi fi ń wú u, èékánná mi ya. Bí fóònù bá dákẹ́, ọ̀gá mi á tún pè é, agbára wa á sì tún dé.

Jákẹ́ẹ̀tì la kàn, fóònù wà nínú àpò rẹ̀. Ooru ló mú ọmọ náà tó fi bọ́ ọ, ó fi kọ́ igi tó gbé ògiri kòtò ró, ó sì lọ ṣiṣẹ́ lápá kejì.

Apá òsì la ti wá rí i. Ilẹ̀ tó bò ó ò pọ̀. Ó ti fi ọwọ́ kan wú ihò sókè, ó ku díẹ̀ kó yọ síta. Ẹ̀mí ti bọ́, àmọ́ ara rẹ̀ ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo sunkún bí ọmọdé.

Ìyá rẹ̀ di ọwọ́ náà mú, ó gbójú sókè wo ọkọ rẹ̀.

"Bàbá ọmọ mi, ẹ̀yin lẹ sọ pé ibẹ̀ yẹn ni."