Aṣọ Aláwọ̀ Ìyeyè

Kò sí obìnrin tó mọ Latifah ní Woolwich, nílùú òyìnbó, tí kò mọ̀ pé kì í sáré tẹ̀lé ohun tó wà lóde. Bí gbogbo èèyàn bá ń wọ aṣọ tó tú gbẹ̀rẹ̀, tirẹ̀ á gún régé sí i lára. Bí wọ́n bá ń wọ funfun, òun á yọ nínú elésè-àlùkò tàbí àwọ̀ ewé tó ki, pẹ̀lú bẹ́líìtì ńlá nídìí. Ẹni ọdún mọ́kànlélógójì ni, iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ń ṣe. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ a máa sọ pé aṣọ kì í wọ Latifah, Latifah ló ń wọ aṣọ.

Auntie Medinat ló ń bá a tún aṣọ rẹ̀ ṣe. Yàrá kótópó kan lẹ́yìn Beresford Square ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ariwo ọjà kì í sì í jìnnà sí i látàárọ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ó sì ti lo ọdún mẹ́tàlélógún nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Bí òtútù bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, àwọn obìnrin á bẹ̀rẹ̀ sí í na fóònù sí i: "Auntie, èyí ló ń lọ ní spring yìí o." Medinat á gba fóònù náà, á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á ní kí onítọ̀hún dúró níwájú dígí.

"Ara ẹlòmíì ni wọ́n fi ya èyí tó wà nínú fóònù," ni yóò wí. "Ìwọ ńkọ́? Kí lo máa ń wọ̀ lọ́jọ́ tí inú ẹ bá dùn?"

Ibẹ̀ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi yà á lẹ́nu lọ́jọ́ tí Latifah gbé kaba gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan wá láàárín Ààwẹ̀, alápá gígùn, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí ìyeyè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n.

"Ìwọ? Yẹ́lò?"

"Ohun tó ń lọ lóde nìyẹn, Auntie. Ẹ jẹ́ kí èmi náà bẹ́gbẹ́ ṣe. Èjìká rẹ̀ ló ń yọ̀ lára mi."

Medinat rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé inú. Ó rántí dáadáa pé àwọn méjèèjì ti jọ fẹnu kò pé àwọ̀ yẹn kì í jẹ́ kí ara Latifah dán. Ó mú téèpù, ó fi yí i ní ìbàdí. Íǹṣì márùndínlógójì ló wà nínú ìwé ìwọ̀n rẹ̀ láti oṣù kọkànlá. Méjìlélọ́gbọ̀n ni téèpù sọ. Ó tún un wọ̀n, kò yí padà.

"Ṣé kò sí o?"

"Ààwẹ̀ ni, Auntie."

Medinat gbà bẹ́ẹ̀. Òun náà ṣáà ń gbààwẹ̀.

Ààwẹ̀ parí, wọ́n jẹ ọdún tán. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn ni Latifah tún gbé kaba náà dé, òun àti Adébísọ́lá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ta aṣọ ní Thamesmead. Adébísọ́lá fẹ́ ṣe àfihàn aṣọ kan ní gbọ̀ngàn àdúgbò wọn lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, kí àwọn obìnrin lè rí bí wọ́n ṣe lè mú nínú ohun tuntun èyí tó bá wọn lára mu. Latifah ni yóò kọ́kọ́ jáde.

"Auntie, ẹ wo ìbàdí!" Adébísọ́lá ń yí i po bí ẹni ń wo mọ́tò tuntun. "Ẹ bá mi bi í léèrè oògùn tó ń lò. Èmi ti fẹsẹ̀ rìn láti Glyndon Estate dé ibí, kò sí ohun tó yọ lára mi."

Latifah kàn rẹ́rìn-ín músẹ́. Medinat fi téèpù yí i. Ọgbọ̀n. Pínnì wà lẹ́nu rẹ̀, kò lè sọ̀rọ̀. Nígbà tó gbé orí sókè láti tún ọrùn aṣọ náà ṣe ni ojú rẹ̀ àti ti Latifah ṣe mẹ́rin.

Gbogbo télọ̀ ló mọ̀ pé aṣọ a máa ta àwọ̀ rẹ̀ sójú ẹni tó wọ̀ ọ́. Ohun tí Medinat kọ́kọ́ sọ fún ara rẹ̀ nìyẹn. Ó fa aṣọ funfun kan yọ lórí tábìlì, ó fi bo Latifah láti ọrùn dé àyà, títí tí yẹ́lò kankan kò fi hàn mọ́. Ó tún wò ó. Ibi tó yẹ kó funfun nínú ẹyinjú Latifah pọ́n rúsúrúsú.

"Latifah, wá sẹ́nu ọ̀nà, kí n wò ẹ́ nínú ìmọ́lẹ̀."

"Kí lẹ fẹ́ wò?"

"Ojú ẹ."

Latifah fa aṣọ funfun náà bọ́ sílẹ̀. "Iná ṣọ́ọ̀bù yín ni."

"Iná kọ́."

"Á jẹ́ pé aṣọ ni! Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ ní yẹ́lò ò bá mi mu?"

"Ẹ má dẹ́rù bà á o, Auntie," Adébísọ́lá bọ́ sí i. "Ó rẹwà báyìí. Gbogbo èèyàn ló ń sọ ọ́."

Wọ́n lọ, Medinat sì jẹ́ kí wọ́n lọ. Ohun tó dùn ún jù lẹ́yìn náà nìyẹn. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun kì í ṣe dókítà, pé télọ̀ tó bá ń tọ́ka àìsàn sí oníbàárà rẹ̀ lára yóò jókòó ti ẹ̀rọ rẹ̀ lásán. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ló fi pe fóònù Latifah, kò gbé e. Ọ̀rọ̀ kúkurú kan ló fi ránṣẹ́: *Mo wà dáadáa. Ká ríra ní Sunday.*

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú náà, Medinat wọ bọ́ọ̀sì lọ sí gbọ̀ngàn náà ní Thamesmead. Oòrùn ràn bí kò ṣe tíì ràn láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Àwọn ọmọdé ń lá áísìkirimù létí adágún, ṣùgbọ́n òtútù ń mú òun. Ìlẹ̀kùn yàrá tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ wà ní títì látinú. Ó fẹ́ kanlẹ̀kùn nígbà tó gbọ́ ìró kan, kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, bí ìgbà tí ekúté ń ha pákó. Bó bá dákẹ́ díẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀.

"Latifah. Èmi ni."

Ìró náà dúró. Ó pẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ tó yí.

Ṣìmí funfun nìkan ló wà lọ́rùn Latifah. Búrọ́ọ̀ṣì onírun líle tí wọ́n fi ń gbọn aṣọ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ló ti fi ń ha apá, ẹ̀jẹ̀ sì ti fà tẹ́ẹ́rẹ́ láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́. Kaba náà wà lórí àga lókèèrè, síbẹ̀ Latifah pọ́n láti iwájú orí dé àyà.

"Ó ń yún mi, Auntie. Kì í jẹ́ kí n sùn."

Medinat kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. "Ìgbà wo ló ti bẹ̀rẹ̀?"

"Kí Ààwẹ̀ tó dé. Ìtọ̀ mi ti pọ́n bíi sóbò." Ó gbé búrọ́ọ̀ṣì náà sílẹ̀. "Bó ṣe mú bàbá mi ní Ìbàdàn nìyẹn. Wọ́n ní ibà apọ́njú-pọ́ntọ̀ ni, wọ́n ń fún wọn ní àgbo. Oṣù mẹ́ta péré ni bàbá mi tún lò láyé. Nígbà tí mo rí tèmi nínú dígí, mo mọ̀. Mo wá rí i lórí fóònù pé yẹ́lò ni gbogbo èèyàn fẹ́ wọ̀ lọ́dún yìí. Mo ní tí mo bá ti wọ̀ ọ́, aṣọ ni wọ́n máa rí. Wọ́n sì rí aṣọ lóòótọ́, Auntie. Wọ́n ní mò ń dán."

Orin ti dún níta, àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́. Adébísọ́lá kanlẹ̀kùn: "Latifah, ó ti tó àsìkò o!"

Latifah dìde, ó nawọ́ sí kaba náà. "Ẹ jẹ́ kí n jáde lẹ́ẹ̀kan péré. Lẹ́yìn ìyẹn, ibi tẹ́ ẹ bá ní ká lọ, mo máa lọ."

"Rárá. Èyí tí mo dákẹ́ lọ́jọ́sí ti tó."

Medinat bọ́ kóòtù tirẹ̀, ó fi wé e, ó sì ṣílẹ̀kùn. Ìbínú wà lẹ́nu Adébísọ́lá títí tó fi rí apá Latifah nínú ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé. Ó wo apá, ó wo ojú, ó fọwọ́ bo ẹnu. Ó sáré lọ mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀, ó gbé wọn lọ sí ọsibítù, ó fi gbogbo èrò inú gbọ̀ngàn sílẹ̀ pẹ̀lú orin.

Wọn kò jẹ́ kí Latifah padà sílé lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n sọ ọ́: jẹjẹrẹ ni, kókó kan tó dí ojú ọ̀nà tí òróòro ń gbà. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un nínú oṣù karùn-ún. Wọ́n yọ ohun tí wọ́n rí, ṣùgbọ́n ó ti fọwọ́ kan ibì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, nítorí náà wọ́n ń fa oògùn sí i níṣan ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Medinat bi dókítà pé bí ó bá jẹ́ pé wọ́n ti wá látìgbà Ààwẹ̀ ńkọ́? Dókítà ní kò sẹ́ni tó lè sọ. Medinat ìbá fẹ́ kó bú òun.

Ní oṣù keje, ó lọ kí Latifah nílé ìyá rẹ̀. Ẹyinjú rẹ̀ ti funfun padà, ṣùgbọ́n ọrùn rẹ̀ ti rù. Wọ́n ń jẹ bàrà olómi lọ́wọ́ nígbà tí ìyá rẹ̀ wọlé pẹ̀lú lẹ́tà kan.

"Ti ọsibítù ni. Èsì àyẹ̀wò ẹ ló máa jẹ́," ó wí, ó sì dúró sí ojú kan.

"Ẹ gbé e síbẹ̀ yẹn, Mummy," Latifah dáhùn. "Ẹ wá jókòó, ká jẹ eléyìí tán ná."

Ìyá náà jókòó. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń jẹ bàrà, wọ́n ń tu kóró rẹ̀ sínú àwo. Nígbà tó kù ègé kan ṣoṣo lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà náà, ẹnikẹ́ni kò nawọ́ mú un.