Ọ́fíìsì Tí A Kì Í Dìde Nínú Rẹ̀

Fáànù ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Yàrá tí wọ́n ń pè ní ọ́fíìsì yẹn, àjà rẹ̀ kúrú, fáànù tó so mọ́ ọn sì rọ̀ sílẹ̀ débi pé ẹni tó bá dìde lójijì, irun orí rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ jẹ́rìí sí i. Láti ọjọ́ tí fáànù ti gba fìlà lórí ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Wáyà, tó sì jù ú gba ojú fèrèsé bọ́ sí títì, ni wọ́n ti fi òfin de ìdìde. Orí àga kékeré onítáyà ni wọ́n ti ń ṣe gbogbo iṣẹ́. Wọ́n á fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀, àga á yí gbirigbiri dé ìdí tábìlì. Wọ́n á tún tì í, ó di ojú fèrèsé. Àlejò tó bá kanlẹ̀kùn, ohun tí yóò kọ́kọ́ gbọ́ ni: "Ẹ tẹrí ba o! Kì í ṣe tìtorí tiwa, orí yín là ń rò."

Àwọn méjì ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Èyí ẹ̀gbọ́n, obìnrin, Ẹnjiníà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ni Wáyà, nítorí pé ó tín-ínrín, kò sì sí irin tó já tí kò lè so pọ̀. Ilé náà, ti Màmá Òkè ni, ẹ̀gbọ́n ìyá wọn, tí wọ́n ń gbé lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tí etí wọn sì ń gbé nísàlẹ̀. Nígbà tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò yìí fi iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ fóònù sílẹ̀ kí wọ́n lè ṣe tiwọn, Màmá Òkè ló kó àgbá àti àpò jáde nínú yàrá ìsàlẹ̀, tí wọ́n ní, "Ẹ máa wọlé. Ọlọ́run tó ń bọ́ ẹyẹ kò bi í pé níbo lọ́fíìsì rẹ̀ wà."

Tiwọn yìí, àpótí kan ni, kò tóbi ju ìwé orin lọ. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ìran kẹfà ló wà fún, èyí tí fóònù ọ̀la yóò máa lò. Ọjọ́ tí Màmá Òkè kọ́kọ́ gbọ́ ọ, wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Ìran kẹfà kẹ̀? Ìran karùn-ún tí wọ́n ní ó ti dé, mi ò tíì fojú kàn án, orí àga ni mo ṣì ń gùn kí n tó gbóhùn ọmọ mi nínú fóònù. Ẹ ṣọ́ra yín o, kí ìran yìí má lọ di ìran wíwò."

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Àpótí kan àti kámẹ́rà wà ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà lódìkejì títì. Àpótí kejì wà lórí pẹpẹ lára ògiri ọ́fíìsì. Ìgbì rédíò á gba ojú fèrèsé wọlé, á kọjá lókè orí àwọn tó jókòó, á bá àpótí kejì, káfíńtà á sì yọ lórí tẹlifíṣọ̀n, kedere débi pé èèyàn lè ka èérún pákó tó ń bọ́ lẹ́nu ìfági rẹ̀. Ìgbì yìí yára, ẹrù tó sì lè rù pọ̀ ju ti àtijọ́ lọ fíìfíì. Àmọ́ ó ní ìwà ọmọ àkẹ́bàjẹ́: ẹni tó bá dúró níwájú rẹ̀, kò ní yà fún un, ilẹ̀ ló máa jókòó sí.

Ìjẹta ni wọ́n tó mọ̀. Wọ́n pa fáànù kí wọ́n lè nù ún, Wáyà rí àyè, ó dìde, ó nara. Káfíńtà gan pa lórí tẹlifíṣọ̀n. Wáyà jókòó, káfíńtà ń fági lọ. Wáyà dìde, káfíńtà tún gan. Omi ló pọ̀ jù nínú ara èèyàn, omi sì ń mu ìgbì yìí bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀ ṣe ń mu òjò. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni wọ́n fi dán an wò, àṣé ìjókòó ni gbogbo ìdánwò náà. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò wo ara wọn. Kò sẹ́ni tó lè rẹ́rìn-ín.

Òní yìí ni Olùdókòwò ń bọ̀, aago mẹ́ta. Àwọn tó ń da owó wọn sínú iṣẹ́ tí kò tíì so ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, eléyìí sì ti fowó gbé ilé-iṣẹ́ bí mélòó kan dìde láti orí ilẹ̀ lásán. Bó bá fọwọ́ síwèé, ó parí. Bí kò bá fọwọ́ sí i, lẹ́tà kan wà nínú fóònù Wáyà, láti ilé-iṣẹ́ ńlá kan tó fẹ́ gbà á síṣẹ́, èsì rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá aago mẹ́rin òní. Ẹnjiníà mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Òun lorí, Wáyà lọwọ́. Orí tí kò lọ́wọ́, ta ni yóò bá a sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀?

Látàárọ̀ ni kò ti lè farabalẹ̀. Ó yí àga dé fèrèsé, ó wo títì, ó yí i padà sídìí tábìlì, ó ka àga àlejò, mẹ́ta, ó tún kà á, mẹ́ta náà ni. Ó nu tẹlifíṣọ̀n tó ti nù lẹ́ẹ̀mejì.

"Àǹtí," Wáyà ní, "ẹ jẹ́ ká sọ fún un."

"Ká sọ kí ni? Pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa ń bẹ̀rù èèyàn?"

"Bó ṣe rí náà nìyẹn."

"Tó bá ti fọwọ́ síwèé, a óò tún un ṣe. Ogún ìṣẹ́jú péré ni, Wáyà. Á wọlé, á tẹrí ba, á jókòó, á wòran, á fọwọ́ sí i, á tẹrí ba, á jáde."

"Tó bá fẹ́ nara ńkọ́?"

"Tan fáànù."

Wáyà tan fáànù. Ọ̀tá ilé wá di ẹ̀ṣọ́. Ó ń fì hùn-ùn, hùn-ùn, lókè orí wọn.

"Pátákó mi ńkọ́?" ó tún bi í. Pátákó kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, fífẹ̀ rẹ̀ tó àtẹ, Wáyà ti lẹ bàbà pélébé-pélébé mọ́ ọn lójú. Ó ní bí dígí ṣe ń da oòrùn padà ni pátákó náà lè da ìgbì padà, kó gbé e yí ẹni tó bá dí i lọ́nà po. Láti ìjẹta ló ti ń fi òru ṣe é. Kò tíì gún.

"Gbé pákó ìfọṣọ rẹ pa mọ́, jọ̀ọ́. Màmá ńkọ́?"

"Wọ́n ti lọ sí ìpàdé àdúrà. Ó di aago mẹ́rin."

"Ọlọ́run ṣeun," Ẹnjiníà ní, ojú sì tì í díẹ̀ bó ṣe sọ ọ́.

Olùdókòwò dé kí aago tó lù. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, orí rẹ̀ ti funfun, lọ́yà obìnrin kan àti akọ̀wé kan tẹ̀lé e. Wọ́n tẹrí ba, wọ́n jókòó. Lódìkejì títì, káfíńtà ti wọ aṣọ àtàtà nítorí tẹlifíṣọ̀n, ó wá ń fá pákó tí kò ní kí ẹnikẹ́ni fá òun. Olùdókòwò sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Ó rí ìṣó lẹ́nu káfíńtà. Ó rí òógùn lórí imú rẹ̀.

"Kò dúró rárá," ó sọ.

"Kò dúró, sà," Ẹnjiníà ní. Wáyà wo ilẹ̀.

Ó béèrè nípa òjò, wọ́n dá a lóhùn. Ó béèrè iye àpótí tí àdúgbò kan yóò nílò, wọ́n dá a lóhùn. Ó na ọwọ́ sí lọ́yà, lọ́yà gbé ìwé fún un. Ó ṣí bírò.

Ìgbà náà ni bàtà bẹ̀rẹ̀ sí í dún ní ẹnu ọ̀nà: pàá, pàá, pàá. Ẹnjiníà mọ bàtà náà.

"Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin àlejò rere," Màmá Òkè ní láti ojú ilẹ̀kùn. "Wọ́n ní ara olórí àdúrà ò yá, ni mo bá yà padà. Àṣé Ọlọ́run ló dá mi padà! Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ fẹ́ fọwọ́ síwèé nínú ilé mi, ẹ ò gbàdúrà?" Wọ́n na ọwọ́ sára ògiri, wọ́n pa fáànù. "Ẹ dìde."

"Màmá," Ẹnjiníà bẹ̀ wọ́n, "ẹ jẹ́ ká gbà á níjòókòó. Ọlọ́run ń gbọ́ ti ẹni tó jókòó náà."

"Ó ń gbọ́ ti aláìsàn lórí ibùsùn. Ìwọ, kí ló ń ṣe ọ́?"

Olùdókòwò ti dìde, ó ti di ojú. Lọ́yà dìde, akọ̀wé dìde. Wáyà dìde. Ẹnjiníà ló dìde kẹ́yìn, bí ẹni tí wọ́n ń fà tu.

Màmá Òkè gbóhùn sókè:

"Ọba tí ń ránṣẹ́ tí kì í lo wáyà,
Ọba tó gbọ́ tèmi kí fóònù tó dáyé,
A-gbọ́-kẹ́lẹ́-bí-ariwo,
A kì í pè Ọ́ kó máa dún pé O ò sí nílé.
Ogójì ènìyàn dúró, wọn ò dí Ọ lójú;
Ògiri dúró, kò dí Ọ létí."

Ẹnjiníà la ojú kan. Káfíńtà ti gan lórí tẹlifíṣọ̀n, ìfági lókè, ẹnu ní ṣíṣí. Ó wo Olùdókòwò: ó dijú pinpin. Lọ́yà dijú. Akọ̀wé dijú, ó tilẹ̀ ń mi orí. Kò sẹ́ni tó rí i! Bí àdúrà bá ti parí, wọ́n á jókòó, káfíńtà á máa fági lọ, bírò á sì bá ìwé. Kí òun ṣáà panu mọ́ títí dé àmín.

"Ohun tó bá fara pamọ́ nínú iṣẹ́ àwọn ọmọ yìí," Màmá Òkè ń bá a lọ, "Bàbá, má jẹ̀ẹ́ kó di ìtìjú wọn."

"Àmín," ni gbogbo wọn dáhùn. Olùdókòwò ń wá àga rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ẹ̀yìn.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," Ẹnjiníà ní, "ẹ má tíì jókòó. Ẹ wo tẹlifíṣọ̀n."

Wọ́n wò ó. Ó ṣàlàyé, ọ̀rọ̀ ń kọlu ara wọn lẹ́nu rẹ̀: fáànù, àga, oṣù mẹ́jọ.

"Ìgbà wo lẹ ti mọ̀?" lọ́yà bi í.

"Ìjẹta."

Olùdókòwò dé bírò rẹ̀. Ìró rẹ̀ kéré, àmọ́ ó dà bí ìgbà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn. Màmá Òkè ń wo ojú yìí, wọ́n ń wo tọ̀hún. "Kí ni mo ṣe báyìí?" wọ́n sọ kẹ́lẹ́.

Wáyà kò bi ẹnikẹ́ni. Ó gbé pátákó rẹ̀ wá láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó so ó mọ́ abẹ́ fáànù pẹ̀lú okùn bàtà rẹ̀. Káfíńtà mira. Ó gan. Ó tún mira, ìfági sọ̀ kalẹ̀, èérún pákó fò. Àwòrán ń gbọ̀n bí ẹni tí òtútù mú, ṣùgbọ́n ó ń lọ. Olùdókòwò rìn ní ìṣísẹ̀ kan sápá òsì, káfíńtà gan. Wáyà fi ìka kan ti fáànù díẹ̀, pátákó yí, káfíńtà tún mira. Olùdókòwò rìn sápá ọ̀tún. Fáànù tẹ̀lé e.

"Ta ló ń yí i?"

"Ìka mi ni, sà. Kọ̀ǹpútà ló yẹ kó máa yí i. Kò tíì mọ̀ ọ́n ṣe."

Olùdókòwò tẹ̀ síwájú, ó tẹjú mọ́ pátákó. "Àpótí orí pẹpẹ yẹn, àwọn mẹ́ta mìíràn ti fi irú rẹ̀ hàn mí lóṣù yìí. Gbogbo wọn ló fún mi ní àga." Ó ká ìwé náà mẹ́rin, ó fi í sápò. "Mi ò ní fọwọ́ sí èyí. Ẹ kọ òmíràn, ti pátákó yìí ni kẹ́ ẹ kọ. Ẹ gbé e wá lọ́jọ́ Ajé, a óò wò ó. Mi ò ṣèlérí o." Ó tẹrí ba fún fáànù tó ti kú, ó jáde, àwọn tirẹ̀ tẹ̀lé e.

Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Wáyà ti mú fóònù jáde, ó kọjú sí ògiri, ó ń tẹ nǹkan. Ẹnjiníà fẹ́ sọ pé kó má lọ. Ó tún fẹ́ sọ pé kó lọ, pé "a óò wò ó" kì í ṣe oúnjẹ. Ó jókòó, ó dìde, ó jókòó. Màmá Òkè di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ètè wọn ń mì nínú àdúrà.

Káfíńtà ló ké wọlé sí wọn. Ó ti dé ojú fèrèsé, aṣọ àtàtà rẹ̀ kún fún èérún, pákó tínínrín bí ìgbálẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀yin ará ibí, ṣé kí n ṣì máa fági ni? Pákó ti tán lọ́wọ́ mi!"

Wáyà pa ohun tó ń tẹ̀ rẹ́, ó ti fóònù bọ àpò.

"Ẹ bá mi gé pátákó mìíràn, sà," ó ní. "Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin lóròó, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin níbùú. Èyí tó wà níhìn-ín ti kéré jù."

Ẹnjiníà wo aago. Aago mẹ́rin ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ó gun orí àga onítáyà, àga fẹ́ yọ̀, Màmá Òkè di ẹsẹ̀ àga mú, Ẹnjiníà sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìṣó fáànù.