Má Fọwọ́ Kan Ilẹ̀

Ọwọ́ ọ̀tún Mùráínà ló kó bá a. Kì í ṣe pé ó jalè, kì í ṣe pé ó lu ẹnikẹ́ni o. Ó kan kí àgbàlagbà ni.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Iléeṣẹ́ kan wà ní Industrial Area ní Sharjah, nítòsí Dubai, láàárín àwọn tó ń ta táyà àlòkù àtàwọn tó ń tún mọ́tò ṣe. Iṣẹ́ wọn ni láti kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń kó pàǹtírí tó ní ìtànṣán olóró níbi tí wọ́n ti ń fi nukilia ṣe iná mànàmáná. Wọn kì í gbé ojúlówó pàǹtírí wọ ibẹ̀ rárá. Àtíkè kan báyìí tójú lásán ò lè rí ni wọ́n máa ń dà sílẹ̀ nínú yàrá ìdánwò. Tó o bá ṣe tán, wọ́n á pa iná yàrá, wọ́n á wá tan tọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ àlùkò sí ẹ lára. Ibi tó bá ti ń tàn yòò, o ti fi ibẹ̀ kan ohun tí kò yẹ kó o fi kàn. Ká ní ibi iṣẹ́ gan-an ni, o ti kó oró sára nìyẹn.

Nígbà àkọ́kọ́ tí Mùráínà ṣe ìdánwò yìí, ó ti di pàǹtírí sínú ọ̀rá, ó ku kó so ó, ni Ẹnjiníà Adéjàre bá yọjú lẹ́yìn ìlà pupa tó pín yàrá sí méjì. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni bàbá náà, gbogbo orí ẹ̀ ti funfun, òun sì ni ọ̀gá àgbà ibẹ̀.

"Mùráínà, iṣẹ́ ńkọ́?"

Háà! Kí Mùráínà tó ronú kàn án, ó ti tẹ̀ ba, ó ti fọwọ́ kan ilẹ̀. "Ẹ káàárọ̀ sà!" Ọwọ́ kan náà ló fi gbé ọ̀rá, òun náà ló fi tún fìlà orí ẹ̀ ṣe. Nígbà tí wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì, ìka ń tàn, ọ̀rá ń tàn, fìlà ń tàn. Màdáámù Magdalene, ará Íńdíà tó máa ń dán wọn wò, kàn mi orí. "Khalas," ló wí, pé ó ti parí. Bí Mùráínà ṣe fìdí rẹmi nìyẹn.

Wọ́n ní kó wá gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan péré sí i. Tó bá yege, wọ́n á gbà á síṣẹ́, wọ́n á sì ṣe visa tuntun fún un. Tí kò bá yege, ilé yá nìyẹn, torí iṣẹ́ síkíọ́rítì tó ń ṣe ní Dubai ti parí, visa ẹ̀ ò sì ní pẹ́ kú. Ó wá ti lọ sọ fún Bùsáyọ̀ ìyàwó ẹ̀ ní Abẹ́òkúta pé iṣẹ́ tuntun ti bọ́ sí òun lọ́wọ́. Ẹnu ẹ̀ yá jù, ẹ ò rí nǹkan!

Ó lọ bẹ Magdalene pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n má jẹ́ kí Ẹnjiníà wọlé lọ́jọ́ ìdánwò. Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. "Níbi iṣẹ́ gan-an ńkọ́? Ṣé a máa lé gbogbo àgbàlagbà jáde nítorí ẹ ni?"

Sofiullahi, àbúrò kan tí wọ́n jọ ń gbé bedspace, yàrá tí wọ́n ti ń háyà bẹ́ẹ̀dì, ní Karama ní Dubai, ló gba ọ̀rọ̀ náà kanrí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi iyẹn sílẹ̀ fún mi." Á ṣe bí Ẹnjiníà: á dé fìlà, á ti ikùn síwájú, á já wọlé lójijì. "Mùráínà! Àgbà wọlé, o dúró ṣánṣán bí òpó iná?" Mùráínà á sì tẹ̀ ba. Ó ń tẹ̀ ba fún Sofiullahi tí ò ju àbúrò ẹ̀ kékeré lọ! Inú ọmọ náà dùn débi pé ó ń dá a lóhùn pé, "Pẹ̀lẹ́ ọmọ mi." Ará Pakistan tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì òkè ní òun ò rí irú wèrè báyìí rí. Àmọ́ nígbà tó yá, ìbàdí Mùráínà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ràn, kì í tẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Mùráínà wọ aṣọ iṣẹ́, ó wọ ibọ̀wọ́. Ó ń di pàǹtírí lọ́wọ́ nígbà tó gbọ́ ohùn Ẹnjiníà tó ti ń bà á lẹ́rù.

"Mùráínà, ṣé àlàáfíà ni?"

Ìbàdí ẹ̀ fẹ́ tẹ̀, ó dá a dúró. "Àlàáfíà ni sà. Ẹ má bínú sà, ọwọ́ mi ò mọ́."

Ẹnjiníà fajú ro. "Ọwọ́ ẹ ò mọ́? Ṣé bí wọ́n ṣe ń kí àgbà nílé yín nìyẹn?"

Òógùn bo Mùráínà. Ó ń so ọ̀rá ẹ̀ lọ. Bó ṣe gbójú sókè, ó rí i pé bàbá náà ti gbé ẹsẹ̀, bàtà dúdú dídán, ó fẹ́ fi kọjá ìlà pupa.

"Ẹ dúró!" Ohùn náà já jáde bí ìgbà téèyàn ń lé ewúrẹ́ nídìí gààrí. "Ẹ dúró síbẹ̀! Ẹ má fẹsẹ̀ kọjá ìlà yẹn! Ẹ padà sẹ́yìn, kíá!"

Mo gbé o, ni Mùráínà wí lọ́kàn ẹ̀. Ó jágbe mọ́ ọ̀gá àgbà. Ó jágbe mọ́ bàbá tó tó bí i lọ́mọ! Ẹnjiníà dá ẹsẹ̀ padà, ó yíjú, ó sì jáde.

Mùráínà parí iṣẹ́. Ó bọ́ ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ bọ́, ó bọ́ èyí tó tẹ̀ lé e, ó sì kọjá sí ibi tó mọ́. Wọ́n pa iná. Magdalene tan tọ́ọ̀ṣì sí i lọ́wọ́, lọ́rùn, lẹ́yìn, ó ní kó gbé àtẹ́lẹsẹ̀ sókè. Òkùnkùn biribiri. Kò síbi tó tàn.

"Mabrook, Mùráínà. O yege."

Alhamdulilahi! Ara tù ú. Àmọ́ bàbá ńkọ́? Ó sáré jáde.

Ẹnjiníà wà níwájú ṣọ́ọ̀bù táyà, ó ń mu tíì. Mùráínà, tòun ti ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí Bùsáyọ̀ rà fún un, dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku.

"Ẹ forí jì mí sà. Mo jágbe mọ́ yín."

"Dìde jàre! Ṣebí èmi ni mo mọ̀ọ́mọ̀ gbẹ́sẹ̀. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá wàá lè dá mi dúró. Ká ní o dákẹ́ ni, ò bá ti máa palẹ̀ ẹrù mọ́ báyìí."

Mùráínà dìde, ó gbọn eruku dànù. Ló bá tún dọ̀bálẹ̀.

"Kí tún nìyẹn?"

"Ti àkọ́kọ́ yẹn, ti ẹ̀bẹ̀ ni sà. Èyí ni ti ẹ káàárọ̀ tí mi ò lè kí yín nínú yàrá."

Ẹnjiníà rẹ́rìn-ín títí tíì ẹ̀ fi dà nù. Mùráínà ò tiẹ̀ yára dìde. Ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀ dáadáa, torí ilẹ̀ tó ṣeé fọwọ́ kàn nìyẹn.