Òkú Tí Wọ́n Pè Ní Àjàgbé

Ní ọdún 1971, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, Mùyídéènì Àjàgbé sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò ní Òkè-Baálẹ̀, l'Óṣogbo, ó sì gbọ́ ohùn àwọn aáfà nínú agbo ilé wọn. Ó rò pé wọ́n ń sọmọ lórúkọ ni. Àfi ìgbà tó yọ sí wọn tí Raliat, àbúrò rẹ̀, ju àwo sàráà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, tó figbe ta.

"Yéè! Òkú Bùọ̀dá mi rèé o!"

Agbo tú ká. Lẹ́mọ́mù pàápàá sá jáde, bàtà kan ló wọ̀. Kàdíjátù, ìyá wọn, nìkan ni kò kúrò lórí ẹní.

"Mùyídéènì, ṣé ìwọ ni?"

"Èmi ni, Ìyá. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Fídáù ogójì ọjọ́ rẹ là ń ṣe."

Àjàgbé jókòó tì í lórí ẹní.

Olùkọ́ ni tẹ́lẹ̀ n'Íléṣà, kí ìjọba tó mú un síṣẹ́ aṣojú Nàìjíríà lẹ́yìn òmìnira. Ó ti gbé London, ó ti gbé orílẹ̀-èdè mìíràn ní Áfíríkà, àwọn ọmọ iléèwé sì ń ka ìwé ìtàn tó kọ. Ní ìlú tó wà gbẹ̀yìn, àwọn ṣọ́jà gbàjọba, wọ́n gé wáyà tẹlifóònù. Ilé oníṣòwò obì kan ni Àjàgbé sá pamọ́ sí títí ọ̀nà fi là. Kò mọ̀ pé rédíò ti kéde ikú òun.

"Ta ló ní mo kú?"

"Ìjọba ni," Raliat dáhùn láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. "Wọ́n ní àwọn rí òkú yín lójú títì, ojú rẹ̀ ò ṣeé dá mọ̀ mọ́, àmọ́ kóòtù yín ló wọ̀, páàsípọ́ọ̀tù yín sì wà lápò rẹ̀. Wọ́n ti sin yín sọ́hùn-ún."

Kóòtù! Àjàgbé rántí. Òjò ń rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tí ìbọn bẹ̀rẹ̀. Ọdúntán Béjidé, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́, fẹ́ lọ kó àwọn obìnrin Nàìjíríà tó há sí gáréèjì. Òtútù ń mú un. Àjàgbé bọ́ kóòtù ara rẹ̀ fún un, kò rántí pé páàsípọ́ọ̀tù wà nínú rẹ̀. Látìgbà náà kò tún fojú kàn án.

"Ọdúntán ńkọ́? Kí ni wọ́n sọ nípa rẹ̀?"

"Wọ́n ní ó sá là, kò kàn tíì dé ni. Ìyá rẹ̀ wá bá wa kẹ́dùn láti Iléṣà. Ó sunkún yín gan-an."

Àjàgbé ò fẹnu kan oúnjẹ. Ó padà sínú mọ́tò, ó dorí kọ Iléṣà.

Julianah Béjidé, ìyá Ọdúntán, ń sá kòkó tí wọ́n kó dé láti oko Ifẹ̀wàrà síwájú ilé. Bó ṣe rí Àjàgbé, ó pariwo, ó fọwọ́ kàn án lápá, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

"Olúwa ṣeun! Ọ̀gá, ẹ̀yin tí wọ́n ní ẹ kú lẹ wà láàyè yìí! Ọmọ mi tí wọ́n ní ó wà láàyè ńkọ́? Ṣé inú mọ́tò ló wà?"

Ó ti ń yọjú wo inú mọ́tò. Àjàgbé, tó ti bá àwọn olórí orílẹ̀-èdè sọ̀rọ̀ láì kólòlò, wá ń kólòlò.

"Màmá, mo bọ́ kóòtù mi fún Ọdúntán."

"Kóòtù wo?"

"Èyí tí wọ́n bá lára òkú tí wọ́n pè ní èmi."

Obìnrin náà dúró gbagidi.

"Ẹkún tí mo lọ sun l'Óṣogbo nígbà náà... ọmọ tèmi ni mo ń sunkún?"

"Òun ni, Màmá."

Igbe tó ké mú gbogbo àdúgbò jáde. Àjàgbé ń retí kí ẹnìkan gbá òun létí. Kò sẹ́ni tó ṣe bẹ́ẹ̀, ìyẹn gan-an ló sì mú kó sunkún.

Lọ́dún kejì, òun fúnra rẹ̀ ló lọ mú kí wọ́n hú òkú náà, tó gbé Ọdúntán wá sílé. Ifẹ̀wàrà ni wọ́n sin ín sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀.

Nígbà tí Àjàgbé fẹ̀yìn tì ní 1975, Julianah sọ fún un pé, "Ẹ ti kọ̀wé nípa gbogbo èèyàn. Ẹ kọ ti ọmọ mi. Ẹ má kàn kọ bó ṣe kú o. Ẹ kọ ọ́ pé olóorun ni, pé omi ni mo máa ń dà sí i lójú kó tó dìde lọ síléèwé."

Àjàgbé kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.