Ṣòkòtò Ẹlẹ́sẹ̀ Kan

Iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni kó dúró níwájú pátákó funfun, kó máa ṣírò bí ìràwọ̀ ṣe ń kú. Kò ní ẹ̀rọ kankan; bírò àti ìwé ni irinṣẹ́ rẹ̀. Màmá wa, aránṣọ, a sì máa kì í pé, "Ọmọ aránṣọ tí ń wọn ọ̀run láìgun àkàbà." Ogún ọdún ló ti wà lẹ́nu ẹ̀ nígbà tí yunifásítì ní kó wá síwájú ìgbìmọ̀ lọ́jọ́bọ̀, kí wọ́n mọ̀ bóyá yóò di ọ̀jọ̀gbọ́n.

Ẹnì kan ló ń bà á lẹ́rù nínú ìgbìmọ̀ náà: ọ̀gá àwọn tó ń fi awò ńlá wo ojú ọ̀run. Ó ti tó ọdún méje tí wọ́n ti ń fa ọ̀rọ̀. Agbára tí ìràwọ̀ ń tú jáde bó bá ń kú, ìlọ́po méjì iye tí ẹ̀gbọ́n mi ṣírò ni awò ọkùnrin yìí ń kà. Ẹ̀gbọ́n mi kọ ọ́ sínú ìwé àtìgbàdégbà wọn pé ó jọ pé awò náà mutí. Ọkùnrin náà sì sọ ọ́ ní Ìyá Pátákó.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ̀gbọ́n mi wá fi ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ dánra wò ní ṣọ́ọ̀bù Màmá. Ó ní roboto ni ìràwọ̀, ọ̀tún rẹ̀ bá òsì dọ́gba, ìdí nìyẹn tí òun fi ṣírò ìlàjì péré. Màmá ò gbójú kúrò lára aṣọ tí wọ́n ń gé. Wọ́n ní bí àwọn náà ṣe ń ṣe nìyẹn, àwọn á ká aṣọ sí méjì, àwọn á wọn ẹ̀gbẹ́ kan.

"Nígbà tó o wá tú u, ṣé o rántí èkejì?"

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín. Ó sì fa ìwé rẹ̀ yọ, ó ń ṣí i títí dé ojú ewé kọkànlá, ẹ̀rín bá kú lẹ́nu rẹ̀. Èjì tó yẹ kó fi sọ ọ́ di púpọ̀ ti já bọ́ lọ́nà bíi bọ́tìnì.

"Màmá, ṣòkòtò ẹlẹ́sẹ̀ kan ni mo rán."

Mo gbà á nímọ̀ràn pé kó panu mọ́ títí ìgbìmọ̀ á fi tán. Màmá wò mí láti òkè délẹ̀. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Wọ́n gbé ọwọ́ lé ẹ̀gbọ́n mi lórí: "Olúwa ò ní jẹ́ kó o jókòó sórí àga tí abẹ́rẹ́ wà."

Lọ́jọ́bọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó bi í ní nǹkan, ó kọ èjì gàdàgbà sára pátákó, ó sì jẹ́wọ́. Ọ̀gá awò náà fa bírò yọ, ó ṣírò, ó wò ó, ó tún un ṣe. Iye méjèèjì bára mu wẹ́kú.

"Ìyá Pátákó, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo tú awò yẹn palẹ̀ nítorí yín."

Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀ ẹ́. Ọkùnrin náà ní òun ò bínú, kó ṣáà lọ kọ ọ́ síbi tó kọ ti àkọ́kọ́ sí. Ìgbìmọ̀ náà fara mọ́ ọn: bí àtúnṣe bá ti jáde, kó wá gba oyè rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ Màmá, ó ń kọ lẹ́tà. Ó ka ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sí wa létí: "Awò náà kò mutí." Màmá fi eyín gé òwú, wọ́n ní kó kọ ọ́ pé kò mutí rí.