Igba Alihamudulilahi Ó Dín Mẹ́ta

Lẹ́tà náà dé lọ́jọ́ Ajé, ó bá mi níbi tí mo ti ń sá ẹja ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ sórí okùn. Wọ́n ní láti oṣù tó ń bọ̀, dókítà àwọn arúgbó tó máa ń bá ọkọ̀ ojú omi wá sí erékùṣù wa ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun kò ní wá mọ́. Wọ́n ní ìwádìí ti fi hàn pé ara àwọn arúgbó wa le ju ti gbogbo àgbègbè lọ. Igba àgbàlagbà ni wọ́n bi léèrè ní erékùṣù wa, igba ó dín mẹ́ta nínú wọn ló ní àlàáfíà ni àwọn wà. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ọ̀rọ̀ láti sọ, kí ó wá síwájú ìgbìmọ̀ lọ́jọ́bọ̀.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo sì gbójú sókè wo ìyá mi. Haniya jókòó sórí ẹní lẹ́bàá ògiri, ó fi aṣọ bo ẹsẹ̀ òsì. Láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni egbò ti wà ní ìka ẹsẹ̀ yẹn, egbò ṣúgà tí kì í gbọ́ bọ̀rọ̀. Dókítà Wasila tó ń wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yìí nìkan ló ń jẹ́ kó fọwọ́ kàn án. Èmi tí mo ṣe nọ́ọ̀sì fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n kí n tó fẹ̀yìntì, kò jẹ́ kí n rí i. Ó ní òun kò ní na ẹsẹ̀ sí ọmọ tí òun bí. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, afẹ́fẹ́ òkun kò jẹ́ kí ọkọ̀ rìn, kò sì sí ẹni tó tú aṣọ ojú egbò náà. Imú mi ti ń sọ fún mi ohun tí ojú mi kò rí.

"Màámi, kí lẹ sọ fún ọmọbìnrin tó wá ṣe ìwádìí lóṣù tó kọjá?"

"Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn? Ó ní ara ńkọ́, mo ní alihamudulilahi. Mo gbé búrẹ́dì àti òróró ólífì fún un. Kò jẹun tó, kí ẹni tó bí ọmọ yẹn bá a wí."

"Ẹsẹ̀ yín ńkọ́?"

"Ṣé ó kí ẹsẹ̀ mi ni?"

Mo jáde nílé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ti yé mi. Lọ́dọ̀ wa, bí èèyàn bá bi àgbà léèrè ara rẹ̀, ọpẹ́ ni yóò dá, ìbáà jẹ́ pé orí bẹ́ẹ̀dì ikú ló wà. Kò sí ẹni tó kọ́ wa. Inú ọmú la ti mu ún. Ọmọ ìlú ńlá náà gbọ́ ọpẹ́, ó sì kọ ìlera.

Mo wọ ilé Bàbá Kemais, apẹja àtijọ́ tí ojú rẹ̀ méjèèjì ti fọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀, kó sọ bí ara rẹ̀ ṣe rí gan-an.

"Monjia, ọgọ́rin ọdún ni Ọlọ́run fún mi, ojú méjì péré ló gbà. Ṣé kí n wá máa fi ẹjọ́ Rẹ̀ sun ìjọba ni?"

"Bàbá, ẹ kò rí mi níwájú yín báyìí."

"Mo ń gbọ́ ohùn ẹ. Ohùn ẹ nìkan náà ti tó ìyà."

Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Nígbà tí ikọ́ náà rọlẹ̀, mo bi í léèrè bí àyà rẹ̀ ṣe ń ṣe. Ó nu ojú, ó ní alihamudulilahi.

Ilé méjìlá ni mo wọ̀ lọ́jọ́ náà, alihamudulilahi méjìlá ni mo kó bọ̀. Oorun kò kùn mí. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Àwọn tèmi kò dákẹ́ rárá, ọpẹ́ ni wọ́n ń dá; kí lèèyàn fẹ́ fi bá ọpẹ́ jà? Mo bẹ Ọlọ́run pé kó fi ọ̀nà hàn mí, kó má sì ka ìbínú mi sí àìmoore.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, afẹ́fẹ́ kò tún jẹ́ kí ọkọ̀ Wasila rìn. Lọ́jọ́rú, mo lọ kírun Àílà ní mọ́ṣáláṣí. Mo pẹ́ dé, ẹ̀yìn ni mo dúró sí, ibẹ̀ ni ojú mi ti lọ sára àwọn àga. Nígbà tí mo wà lọ́mọbìnrin, àga kan ṣoṣo ló máa ń wà ní apá obìnrin. Lọ́jọ́ yẹn, àga mẹ́tàdínlógún ni mo kà, àwọn ìyá jókòó sórí wọn, wọ́n ń tẹ orí wọn ba díẹ̀ níbi tó yẹ kí iwájú orí kan ilẹ̀. Èmi náà ń forí kanlẹ̀, ọkàn mi ń sáré. Kí Olúwa dárí jì mí, n kò mọ iye rákà tí mo kí.

Bí a ṣe ṣálámà tí ìrun parí, mo tọ ìyá tó wà lórí àga àkọ́kọ́ lọ. N kò bèèrè ara rẹ̀.

"Ìyá, ìgbà wo lẹ forí kanlẹ̀ kẹ́yìn?"

Ó wò mí, kò sì fi ìdáhùn falẹ̀. "Ọdún tó kọjá, kí oṣù ààwẹ̀ tó wọlé. Orúnkún ni. Bí mo bá lọ sílẹ̀, n kò lè dìde."

"Ààwẹ̀ ńkọ́?"

"Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kò jẹ́ kí n gbà á. Mo ń bọ́ aláìní dípò rẹ̀."

Ohun tí mo ń wá ilé kiri nìyẹn. Ẹni tó bá fi àìsàn pamọ́ fún èèyàn, ìtìjú ni, ó tún lè jẹ́ ọ̀wọ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò purọ́ lórí ìrun, nígbà tí Ẹni tó ni ìrun ń gbọ́? Mo sáré gba ìwé àti bírò. Títí oòrùn fi wọ̀, ní mọ́ṣáláṣí àti láti ilé dé ilé, mọ́kànlélọ́gọ́ta ni mo bi léèrè: ta ló ń dúró kírun, ta ló ń jókòó, ta ló ń ṣe àlùwàlá fúnra rẹ̀, ta ni wọ́n ń bu omi fún. Bàbá Kemais náà dáhùn. Ó ní kò sẹ́ni tó ń mú òun lọ sí mọ́ṣáláṣí, ó ti di oṣù kẹta tí òun ti kí Jímọ̀ kẹ́yìn, ohùn rẹ̀ kò sì ní yẹ̀yẹ́ nínú mọ́. Mẹ́rìnlélógójì nínú wọn kò lè forí kanlẹ̀.

Ìyá mi nìkan ló kọ̀. "Èmi àti Ẹlẹ́dàá mi la jọ mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n màá bá ẹ lọ lọ́la."

"Ẹ lọ ṣe kí ni?"

"Kí n lọ dúpẹ́ Wasila lọ́wọ́ wọn. A kì í jẹ oore kí a nu ẹnu kúrò."

Mo mọ ohun tí yóò sọ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló lè ní kí Haniya jókòó sílé?

Wọ́n gbé ìyá mi wọ ọkọ̀ ojú omi, ṣùgbọ́n èmi kò lè jókòó. Mo ń lọ sí ọwọ́ iwájú, mo ń bọ̀ lẹ́yìn. Ìyá mi ní, "Monjia, bó o bá fẹ́ fi ẹsẹ̀ rìn dé ìlú, sọ̀ kalẹ̀ sínú omi."

Munsif, alága ìgbìmọ̀, jẹ́ ẹni tí a kọ́ nílé. Ó dìde fún ìyá mi, ó fún un ní àga, ó ní, "Màmá, ara ńkọ́? Ṣé ẹ wà dáadáa?"

"Alihamudulilahi, ọmọ mi. Kò sóhun tó ṣe wá."

Akọ̀wé tẹ orí ba, ó ń kọ ọ́. Mo ka ìwé tèmi sí wọn létí, gbogbo mọ́kànlélọ́gọ́ta. Alága tẹ́tí sílẹ̀ dé òpin. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ìlera la wà fún níbí, a kò sí ní mọ́ṣáláṣí."

"Bàbá yín ńkọ́? Orí ẹní ni wọ́n ti ń kírun ni, àbí orí àga?"

Ó ń yí bírò láàárín ìka. "Orí àga," ló wí. Ó tún ní, "Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí ìyá yín fẹnu ara wọn sọ. Èwo ni kí n kọ?"

Mo kọjú sí ìyá mi. Bàbá mi máa ń sọ pé ẹnu kì í pàṣẹ fún Haniya, oríkì ló ń tù ú. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Haniya ọmọ Jilani, ọmọ apẹja tí ń fi imọ̀ ọ̀pẹ kọ́ ọgbà sínú òkun, tí ẹja ń fẹsẹ̀ ara wọn wọlé. Ọmọ afẹ́fẹ́-ń-jà-ọ̀pẹ-kò-wó. Ìyá mi, níbo lẹ ti kírun Sùbúhì lónìí?"

"Má fi oríkì rà mí."

Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀, n kò dìde. Ó wo akọ̀wé, ó wo bírò ọwọ́ rẹ̀.

"Orí ibùsùn ni. Ìpéǹpéjú ni mo fi kí i. Ẹsẹ̀ yìí kò jẹ́ kí n dìde láàárọ̀ láti ọjọ́ mẹ́rin sẹ́yìn."

Ó ká aṣọ kúrò lórí ẹsẹ̀ òsì. Òórùn náà kún yàrá. Ìka tó kéré jù ti dúdú bí èédú.

"Ẹ wò ó dáadáa," ló wí. "Ẹni tó dá ẹsẹ̀ yìí, n kò bá A jà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Rẹ̀ láàárọ̀, màá tún dúpẹ́ lálẹ́. Ọpẹ́ tí mo dá fún Un lẹ gbé sínú fáìlì yín. Ẹ̀yin kọ́ lẹ dá mi. Ẹ dá a padà fún Ẹni tó ni ín, kí ẹ sì wá gbọ́ tiyín: bí Wasila kò bá wá, a ó máa jẹrà níbẹ̀ ni, pẹ̀lú ọpẹ́ lẹ́nu wa."

Akọ̀wé fi bírò sílẹ̀. Dókítà kan tó wà lára ìgbìmọ̀ ti dìde, ó ti ń pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn.

Wọ́n gé ìka náà lọ́jọ́ Jímọ̀. Mo rìn síwá sẹ́yìn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn títí ẹni tó ń gbá ilẹ̀ fi ní bí n kò bá ní jókòó, kí n kúkú gba ìgbálẹ̀. Wọ́n ní ká ní a pẹ́ sí i ni, ẹsẹ̀ ì bá lọ. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, èyí tó dájú.

Ní ọjọ́ kẹrin, Munsif fúnra rẹ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ìyá mi. Wọn yóò tún ìwádìí náà ṣe, ìbéèrè tèmi yóò sì wà nínú rẹ̀. Dókítà Wasila kò ní ṣíwọ́ wíwá, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni yóò máa wá. Ó kí wa, ó lọ. Mo jókòó, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí lẹ́tà náà dé ni mo mí kanlẹ̀.

Ìyá mi ti ń fi igbọnwọ́ ti ara rẹ̀ sókè lórí ìrọ̀rí.

"Ọ̀sẹ̀ méjì méjì? Ṣé egbò máa ń gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan ni? Mú bírò."

"Màámi, ẹ sinmi ná."

"Kọ ọ́: láti ọ̀dọ̀ Haniya, oníka ẹsẹ̀ mẹ́sàn-án. Kí wọn dáadáa kó o tó bẹ̀rẹ̀ ìjà."

Mo kọ ọ́, ó ní kí n kà á. Ó ní ìkíni náà gùn jù, kí n gé e kù.